Àìsùn Ọdún: Òru Tí Ó Ń Jẹ Àsùbá Run

 

Bí ọdún Iléyá bá ti ku ọ̀la, ohun tí ojú ń rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá kò ṣe é fi pamọ́ mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fi àtíbàbà dí ojú títì. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, àwọn olórin ti dé, ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn sì ti ń mi ògiri ilé. Ní aago méjì òru, ijó kò tíì dá. Ní aago mẹ́ta, owó ṣì ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí. Nígbà tí ó bá wá di nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀ tí ládánì pe ìrun Àsùbá, àwọn tí wọ́n ta kété sí oorun láti alẹ́ ni wọn kò lè dìde, nítorí pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Nínú mọ́sáláṣí, àwọn arúgbó mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n tò sẹ́yìn Lémọ́mù. Àwọn tí wọ́n ṣe àìsùn nítorí ọdún ni ọdún bá lójú oorun. Àwọn mìíràn nínú wọn dé yìdì nígbà tí Lémọ́mù ti sálámà, kò sì sí ohun tí ó kù fún wọn ní pápá náà ju kí wọ́n ya fọ́tò aṣọ tuntun lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí Iléyá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní òru Ìtúnu Ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìgbà wòlímà àti ìgbéyàwó tí wọ́n ń kó jọ lé ọdún lórí. Ohun tí ó yẹ kí gbogbo olóye rí nínú ọ̀ràn yìí kò ṣòro. Ìrun Àsùbá jẹ́ ọ̀ranyàn. Àìsùn ọdún kì í ṣe ọ̀ranyàn, kì í ṣe súnnà, kò sì sí sàábé kan tí ó ṣe é. Ẹni tí ó fi Àsùbá san owó àìsùn ti ta wúrà, ó sì ti fi ra idẹ. Nítorí náà, oorun òru ọdún kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìmọ ayé jẹ. Ara ẹ̀sìn ni.

ÒRU ILÉYÁ ÀNÁBÌ FÚNRA RẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì, kí ó wo bí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe lo òru Iléyá nígbà tí ó ṣe Hájì ìdágbére ní ọdún kẹwàá Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 632. Jabir ọmọ Abdullah, ẹni tí ó bá a rin ìrìn àjò náà, ni ó ròyìn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, Imam Muslim sì kọ ọ́ sínú ìwé Hádíìsì rẹ̀. Ànábì dúró ní pápá Àràfá títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn èyí, ó gbéra lọ sí Músídálífà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó kí Màgàríbà àti Ìṣáì pọ̀ mọ́ra wọn. Kí ni ó ṣe tẹ̀lé e? Ó dùbúlẹ̀, kò sì dìde títí ìmọ́lẹ̀ Àsùbá fi yọ.

Òru wo ni òru yẹn? Òru tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Dhul-Hijja ni, òru Iléyá gan-an, òru tí àwọn ènìyàn nílẹ̀ yìí sọ di òru ìlù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Mùsùlùmí ni wọ́n wà lẹ́yìn Ànábì lọ́jọ́ náà, ayọ̀ wọn kò sì kéré. Síbẹ̀, oorun ni aṣíwájú wọn fi ṣáájú ọdún.

Kí wọ́n sì wo ohun tí ó ṣe nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó kí Àsùbá ní kùtùkùtù, ó sọ òkò ní Mínà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ràkúnmí 63, Ali sì gún èyí tí ó kù nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fá orí, ó sì lọ yí Káábà po ní Mọ́kà. Ta ni ó lè ṣe iṣẹ́ báyìí lọ́sàn-án bí kò bá sùn lóru? Àwọn àgbà ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin. Ojú tí kò sùn ní òru Iléyá ti ṣepin kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀TỌ́ TÍ OJÚ NÍ

Àlùkùránì fi oorun ṣe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí ènìyàn gbọdọ̀ dúpẹ́ fún. Nínú Súúrà Naba'i, áyà kẹsàn-án, Ọlọ́hun ka oorun mọ́ àwọn ohun tí Ó ṣe fún ènìyàn bí Ó ti tẹ́ ilẹ̀ tí Ó sì gbé àwọn òkè ró. Nínú Súúrà Rúmù, áyà kẹtàlélógún, Ó pè é ní àmì fún àwọn tí wọ́n ń gbọ́ràn. Ohun tí Ọlọ́hun pè ní àmì, kí ni Mùsùlùmí kan fi ń pè é ní ìfàsẹ́yìn?

Ìtàn Salmaan àti Abu Dardaa, tí Bukhari gbà wá, kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń gbọ́ wàásù. Abu Dardaa ń fi ojoojúmọ́ gba ààwẹ̀, ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Salmaan tí ó bẹ̀ ẹ́ wò ni ó ní kí ó lọ sùn, títí òru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí àwọn méjèèjì tó dìde kírun. Ó sì là á yé e pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ìyàwó rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ànábì, Salmaan ni ó dá láre. Ànábì fúnra rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Abdullah ọmọ Amr, ó sì dárúkọ ojú pàápàá mọ́ àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́.

Nígbà kan ẹ̀wẹ̀, Ànábì wọ mọ́sáláṣí, ó rí okùn tí wọ́n ta sáàrin òpó méjì. Wọ́n ní ti Zainab ni, pé bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lórí ìrun, òun ni ó ń dì mú. Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n tú okùn náà, ó ní kí olúkúlùkù máa kírun nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, kí ó jókòó. Ìrun ni Zainab ń fi okùn yìí kí, síbẹ̀ wọ́n tú u. Okùn wo ni wọn kì bá tú lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń fi obì, kọfí àti ohun mímu inú agolo gbé ara wọn ró nídìí ijó títí ilẹ̀ fi mọ́?

ÀWÁWÍ ÀKỌ́KỌ́: WỌ́N NÍ Ẹ̀Ẹ̀KAN LỌ́DÚN NI

Àwáwí tí ó kọ́kọ́ máa ń ti ẹnu àwọn aláìsùn jáde ni pé ọdún kì í ṣe ojoojúmọ́. Ó dára, kí wọ́n jókòó kà á. Òru 29 tàbí 30 ni wọ́n fi ń jí sààrì nínú Ramadan. Mẹ́wàá tí ó gbẹ̀yìn nínú wọn, ọ̀pọ̀ kì í sùn rárá. Ọjọ́ Ìtúnu tẹ̀lé e, ìgbéyàwó tí wọ́n ti so rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ tẹ̀lé Ìtúnu. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Iléyá dé. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ojúde Ọba wà ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀jọ̀rẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé àti àsè kí ọjọ́ náà tó pé. Máólúdì ń bọ̀ lẹ́yìn, oṣù Disẹ́ńbà tí gbogbo ìlú sọ di oṣù ijó náà ń bọ̀, Mùsùlùmí kì í sì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti di ọdún kan gbáko.

Ara kì í ṣe òkúta. Àwọn oníṣègùn fi ẹnu kò pé àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán lójúmọ́. Èyí tí ó bá dín, gbèsè ni. Ẹni tí ó sùn wákàtí mẹ́rin mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́wàá kò lè fi oorun ọjọ́ kan san án tán. Ìfúnpá rẹ̀ á máa ga, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣòro láti kó níjàánu, ìbínú rẹ̀ á wà nítòsí, ebi á máa pa á ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ṣe ààwẹ̀ pẹ̀lú ìjà, tí wọ́n sì máa ń parí ọdún sí ilé ìwòsàn. Wọ́n á ní ààwẹ̀ ni ó mú àwọn. Ààwẹ̀ kọ́, àìsùn ni.

ÀWÁWÍ KEJÌ: WỌ́N NÍ ÌSÌN ÒRU NI

Àwọn kan yóò dìde, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onílù, kò kan àwọn tí wọ́n ń fi òru ṣe wàásù àti àdúà. Ibi tí ó yẹ kí àwọn oníwàásù ti fi ọwọ́ lé àyà nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn onílù nìkan ni wọ́n ń ba Àsùbá jẹ́, ọ̀ràn náà ì bá rọrùn.

Kò sí àríyànjiyàn lórí ìdìde lóru. Aisha ròyìn pé nígbà tí ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan bá dé, Ànábì a máa di àmùrè rẹ̀, a máa fi òru ṣe ìjọsìn, a sì máa jí àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ èyí kọ súnnà. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí Ànábì ṣe ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Ní òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ìjókòó a bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Wákàtí kan á lọ fún ìkíni àwọn èèyàn jàǹkàn jàǹkàn. Wákàtí kan àbọ̀ á lọ fún gbígba owó àti kíka orúkọ àwọn tí wọ́n dá a. Olórin ẹ̀sìn á gba tirẹ̀, ìrẹsì á yí ká. Rákà tí wọ́n kí kò pé mẹ́wàá, ó sì yá. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, gbogbo ènìyàn túká lọ jẹ sààrì, ọ̀pọ̀ sì sùn lọ lórí àwo oúnjẹ. Àsùbá bá wọn níbẹ̀, ó sì kọjá lára wọn.

Umar ọmọ Al-Khattab ti ṣe ìdájọ́ ọ̀ràn yìí tipẹ́. Imam Malik kọ ọ́ sínú Muwatta pé ní ọjọ́ kan, Umar kò rí Sulaiman ọmọ Abu Hathma nídìí ìrun Àsùbá. Ó kan ìyá rẹ̀ lọ́nà, ó sì béèrè. Ìyá náà dáhùn pé gbogbo òru ni ọmọ òun fi kírun, oorun ni ó borí rẹ̀ lówùúrọ̀. Umar kò yìn ín. Ohun tí ó wí ni pé kí òun bá wọn pé jọ kí Àsùbá wu òun ju kí òun fi gbogbo òru dúró kírun lọ. Ìrun ni ọmọkùnrin yìí fi òru kí, kì í ṣe ìlù, kì í ṣe owó ni ó ń ná, síbẹ̀ Umar kò kà á sí ọgbọ́n. Hádíìsì Uthman tí Muslim gbà wá sì ti lẹ́yìn rẹ̀: ẹni tí ó bá bá wọn kí Ìṣáì pọ̀ dà bí ẹni tí ó fi ìlàjì òru dúró, ẹni tí ó bá sì kí Àsùbá pẹ̀lú wọn dà bí ẹni tí ó fi gbogbo òru dúró. Nítorí náà, arúgbó tí ó kí Ìṣáì ní mọ́sáláṣí, tí ó lọ sùn, tí ó sì dìde wá kí Àsùbá, ó ti gba ẹ̀san òru kan odindi. Ẹni tí ó ṣe àìsùn tí ó sì pa Àsùbá jẹ ti pàdánù òru náà àti ọ̀sán rẹ̀.

Ìrun òru tí Ànábì pè ní èyí tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni ti Ànábì Dáúdà. Ìlàjì òru ni ó fi ń sùn, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó fi ń kírun, a sì tún sùn ìdá kan nínú mẹ́fà tí ó kù. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ yóò rí i pé ìdá méjì nínú mẹ́ta òru ni Dáúdà fi sùn.

OHÙN TÍ Ó Ń JÍ ALÁÌSÀN

Nígbà kan rí, aago kò pọ̀ nílé. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kó ara wọn jọ nínú Ramadan, wọ́n á máa fi ìlù àti orin kiri àdúgbò kí àwọn ènìyàn lè jí sè, kí wọ́n sì jẹ sààrì. Orin wéré tàbí ajísààrì ni wọ́n ń pè é. Láti inú rẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti mú orin fújì jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ìpè sí sààrì parí sí orí pèpéle àríyá. Lónìí, fóònù wà lápò ọmọdé àti àgbà, ó sì lè jí ẹni tí ó ni ín nìkan. Kí ni ó wá ku tí àwọn kan fi ń tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí ní aago méjì òru, tí wọ́n á máa kígbe sí etí gbogbo àdúgbò títí di aago márùn-ún?

Wọ́n ní sààrì ni àwọn ń jí ènìyàn sí. Súnnà sààrì ni kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Zaid ọmọ Thabit ni ó sọ pé ohun tí ó wà láàrin sààrì àwọn pẹ̀lú Ànábì àti ìrun Àsùbá kò ju ìwọ̀n kíka áyà àádọ́ta lọ. Aago méjì òru ti jìnnà sí áyà àádọ́ta. Ní Mẹ̀dínà, Bilal ni ó ń pe ìpè àkọ́kọ́ kí ẹni tí ó ń kírun lè sinmi, kí ẹni tí ó ń sùn sì jí. Ibn Ummi Maktum ni ó ń pe èkejì nígbà tí Àsùbá bá yọ. Ìpè méjì péré ni, kì í ṣe ariwo wákàtí mẹ́ta.

Abu Dawud gbà á wá pé nígbà tí Ànábì wà nínú ìtíkáfì, ó gbọ́ tí àwọn sàábé ń gbé ohùn sókè nínú kíkà Àlùkùránì. Ó ṣí aṣọ ìkélé, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé Olúwa rẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹnìkan má ṣe ni ẹnìkejì lára, kí wọ́n má sì ṣe gbé ohùn borí ara wọn. Bí kíka Àlùkùránì nínú mọ́sáláṣí bá gba irú ìkìlọ̀ yìí, kí ni àwọn tí wọ́n ń fi orin jí ìyá ọlọ́mọ tuntun yóò wí? Aláìsàn wà ní àdúgbò, nọ́ọ̀sì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé wà níbẹ̀, ọmọ ilé ìwé tí ó ní ìdánwò lọ́la wà níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì tí kò gba ààwẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ aládùúgbò ni gbogbo wọn ní, Ànábì sì ti búra pé ẹni tí ọkàn aládùúgbò rẹ̀ kò balẹ̀ sí aburú rẹ̀ kò tíì gbàgbọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá ẹ̀sìn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ìjọba Saudi Arabia tí Mọ́kà àti Mẹ̀dínà wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí àwọn mọ́sáláṣí máa lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìta fún ìpè ìrun àti ìkọ́mà nìkan, kí ohùn rẹ̀ má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ẹ̀rọ náà. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó àyíká ti ti ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí kan pa nítorí ariwo. Ìtìjú ni kí ìjọba máa fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ Mùsùlùmí ní ohun tí Ànábì ti fi ẹnu kọ́ ọ.

TA NI Ó Ń SÈ?

Ẹnìkan wà tí kì í jó, tí kì í ṣe wàásù, tí kì í sì í sùn. Ìyàwó ilé ni. Nínú Ramadan, aago mẹ́ta ni ó ń dìde dá iná. Lẹ́yìn sààrì, ó fọ abọ́, ó múra fún àwọn ọmọ, ó lọ sí ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Ní ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ìṣínu. Lẹ́yìn àṣámù, ó tún fọ abọ́. Nígbà Iléyá, àgbò kan a máa di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta: ìfun fífọ̀, ẹran gígé, ẹran díndín títí di aago kan òru, àlejò tí ó dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níta pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, ó ń ránṣẹ́ wọlé pé kí wọ́n tún gbé àwo kan wá.

Ẹ̀tọ́ ojú tí Ànábì sọ, ṣé ojú ọkùnrin nìkan ni? Aisha ni wọ́n bi léèrè ohun tí Ànábì ń ṣe nínú ilé. Ó dáhùn pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó ń bá wọn ṣe, bí àkókò ìrun bá sì tó, a jáde lọ kírun. Ummu Atiyya sì ròyìn pé Ànábì pa á láṣẹ kí àwọn obìnrin jáde lọ sí yìdì, àti àwọn ọmọge, àti àwọn tí wọ́n wà nínú nǹkan oṣù pàápàá, kí wọ́n lè bá wọn pín nínú oore àti àdúà. Mélòó nínú àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n ń dé yìdì lónìí? Ìdí ìkòkò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbọ́ kábíírà láti òkèèrè, pẹ̀lú ojú tí ó ti pọ́n. Ọkùnrin tí ó ń pariwo súnnà níta, tí kò sì lè gbé abọ́ nílé, kí ó tún súnnà rẹ̀ kà.

Ẹni tí ó sọ pé àgbò kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú kò mọ òfin. Ọjọ́ Iléyá ní àwọn ọjọ́ Táṣírìkì lẹ́yìn, Ànábì sì pè wọ́n ní ọjọ́ jíjẹ, mímu àti ìrántí Ọlọ́hun. Kò sí ohun tí ó fi dandan lé e pé kí gbogbo ẹran dín tán ní ọjọ́ kan. Ẹran tí ó ti gba iyọ̀, tàbí tí ó wà nínú ẹ̀rọ amóhuntutù, lè dúró kí obìnrin sùn.

OJÚ Ọ̀NÀ

Ibi tí ọ̀ràn yìí ti ń di ikú ni ojú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ ọdún ni gbogbo ènìyàn ń darí relé, láti Èkó sí Ìbàdàn, sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí Ìlọrin, wọ́n á sì tún sáré padà nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹni tí ó jó títí di aago mẹ́rin ni ó ń di ọwọ́ ọkọ̀ mú ní aago méje, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà, Drew Dawson àti Kathryn Reid, gbé ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó ti wà lójúfò fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ka awakọ̀ sí arúfin. Bí ó bá di wákàtí 24, ó dà bí ẹni tí tirẹ̀ tó 0.10. Kí Mùsùlùmí fi èyí sínú àròjinlẹ̀. Ọkùnrin tí kò fi ẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀, tí kò sì jẹ́ jókòó ti ọlọ́tí, ó dìde láti òde ọdún ẹ̀sìn rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ bí ọ̀mùtí. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ sá fún ọtí, àìsùn ti fi lé e lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Oorun awakọ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Ó lè gbé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, kí òun fúnra rẹ̀ má tilẹ̀ mọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò ti rìn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin náà, láìsí ẹni tí ó ń wà á. Obì kò wo àìsùn sàn, bẹ́ẹ̀ ni rédíò àti fèrèsé ṣíṣí. Oorun nìkan ni oògùn oorun. Ọlọ́hun ti kọ̀ fún ènìyàn, nínú Súúrà Bàkárà, áyà 195, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ara rẹ̀ sínú ìparun. Nígbà tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kádàrá ni. Kádàrá jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ pẹ̀lú ojú tí ó ti kú kò gbọdọ̀ fi kádàrá bo àfọwọ́fà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ WỌ́N ṢE

Èkíní, kí wọ́n dá súnnà oorun lẹ́yìn Ìṣáì padà. Ànábì kórìíra kí ènìyàn sùn ṣáájú Ìṣáì, ó sì kórìíra ìtàkùrọ̀sọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ yọ ìmọ̀, àlejò àti ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò yọ àríyá.

Èkejì, kí wọ́n máa fi oorun díẹ̀ ní ọ̀sán ran òru lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn sàábé ti ń ṣe. Ogún ìṣẹ́jú ní àkókò Àìlà tó láti la ojú aláàwẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn ṣe ìjọsìn, kí ó jẹun níwọ̀nba nígbà ìṣínu, kí ó sùn díẹ̀ kí ó tó dìde, kí ó sì fi ìrun àti àdúà lo òru náà, kì í ṣe ìkíni àti owó gbígbà.

Ẹ̀kẹta, kí àwọn Lémọ́mù àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí fi ẹ̀rọ ìta sí ìpè ìrun nìkan. Kí wàásù òru dúró sínú ilé fún àwọn tí wọ́n wá gbọ́ ọ, kí ó sì parí kí agara tó dá wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní aláàtúnṣe, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni kí àtúnṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn ọkùnrin pín iṣẹ́ ilé. Ọmọkùnrin tí ó lè gbé àgbò lulẹ̀ lè fọ ìfun rẹ̀. Kí oúnjẹ ọdún mọ níwọ̀n, kí ìyálé ilé lè sùn, kí òun náà sì rí ọdún ní yìdì.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tí yóò wa ọkọ̀ sùn kí ó tó gbéra. Bí oorun bá dé bá a lójú ọ̀nà, kí ó yà sí ibi tí kò léwu, kí ó sun ogún ìṣẹ́jú. Àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ní ojúṣe: awakọ̀ tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, kí wọ́n má wọ ọkọ̀ rẹ̀. Pípẹ́ délé sàn ju àìdélé lọ.

Ọdún kì í ṣe ọ̀tá oorun, oorun kì í sì í ṣe ọ̀tá ọdún. Ẹni tí ó sùn ní òru Iléyá ni yóò jí kí Àsùbá, ni yóò wẹ̀, ni yóò dé yìdì pẹ̀lú kábíírà lẹ́nu, ni yóò fi ọwọ́ tí kò gbọ̀n du àgbò, ni yóò fi ojú tí ó là kí àlejò rẹ̀. Òun ni ó ṣe ọdún. Àwọn yòókù kàn wà níbẹ̀ nígbà tí ọdún ń kọjá ni.

Kí Ọlọ́hun fi òye súnnà yé àwọn Mùsùlùmí, kí Ó dáàbò bo àwọn arìnrìn-àjò, kí Ó sì jẹ́ kí àsìkò ọdún máa jẹ́ àsìkò ìjọsìn àti àlàáfíà fún gbogbo ilé. Àmín.